Àádọ́ta Òǹkàwé ní Èbúté Ajido

Ọjọ́ tí Zinsu wá sọ fún mi pé òun máa yọ pátákó ìyàwó mi kúrò ní èbúté, ẹ̀bà ni mò ń jẹ. N kò dá a lóhùn títí mo fi jẹun tán tí mo sì fọ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Zinsu ni alága èbúté Ajido. Òun ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ Topo máa gúnlẹ̀ sí, òun ló sì ń sọ ẹni tó lè pàtẹ àti ẹni tí kò lè pàtẹ.

"Bàbá Démiládé, ẹ má bínú," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń ka pátákó yẹn mọ́. Ewúrẹ́ ló ń fara họ ọ́. Mùsílíù fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ìsọ̀ kẹrosíìnì, àwa náà sì nílò kẹrosíìnì."

"Ọdún mọ́kànlá ni pátákó yẹn ti wà níbẹ̀."

"Ìyá Démiládé ló wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ jọ̀ọ́. Pátákó kàn dúró tì wọ́n ni."

Òótọ́ ló sọ. Olúbísí ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó náà láàárọ̀ Sátidé. Ó pe ìwé náà ní Ẹ Gbọ́ Ná. Ó kú nígbà ọyẹ́, ní ọdún kejì tí àwọn sójà tún gba ìjọba. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Láti ìgbà náà, pátákó ṣófo.

Mo bi Zinsu pé, "Èèyàn mélòó lo fẹ́ kó kà á?"

Ó wò mí bíi pé kò retí ìbéèrè náà. "Àádọ́ta," ó ní. "Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Mo fún yín di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù."

"Ta ló máa kà wọ́n?"

Sewanu la fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, nítorí pé iwájú pátákó gan-an ló ti ń yan ẹja. Ẹ̀gbọ́n Zinsu ni, Zinsu kò sì lè sọ lójú rẹ̀ pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá ka ìwé, Sewanu máa ju ìkarahun kan sínú igbá. Ìkarahun kan, òǹkàwé kan.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo lẹ ojú ìwé mẹ́ta mọ́ pátákó. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Máa Da Ìdọ̀tí Sínú Ọ̀sà". Mo pín in sí ìsọ̀rí mẹ́fà, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá Sewanu.

"Mẹ́rin," ó ní.

"Mẹ́rin péré?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni ọ̀kan, Dàágbó." Bí àwọn Ègùn ṣe ń pe àgbàlagbà ọkùnrin ló ṣe máa ń pè mí. "Mo rí yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà á."

"Èèyàn gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé yín. Mo ti yọ ti yín kúrò. Ó ku mẹ́ta." Ó yí ẹja kan padà lórí iná. "Ìyàwó yín kì í bá wa wí. Ìyàwó yín máa ń sọ fún wa ohun tí Àyọ̀ká ṣe."

N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Mo lọ sílé, mo ṣí àpótí tí Olúbísí ń kó ìwé rẹ̀ sí. Nígbà tó wà láyé, mo máa ń ka Ẹ Gbọ́ Ná, ṣùgbọ́n bírò pupa ló máa ń wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ìsọkúsọ ni. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí."

Gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí náà: àkókò tí ọkọ̀ máa ṣí, ṣọ́ọ̀bù tí mílíìkì àti ṣúgà dé sí, àti bí ìlà ibẹ̀ ṣe gùn tó, olórin tó gbé àwo tuntun jáde, àti bí wọ́n ṣe ń jó o. Àyọ̀ká sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Òun ni ìyá kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ilé Alájà Méjì, tí wọ́n máa ń ṣe ní aago mẹ́jọ alẹ́ Túsìdeè. Dòsùmú ọkọ rẹ̀ jẹ́ ahun, ó máa ń fi ẹran pamọ́ sínú àpò kóòtù. Ìgbà tí iná wà kò tó ìgbà tí kò sí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará Ajido kì í rí eré náà wò. Pátákó ni wọ́n ti ń wò ó.

Mo gbé bátìrì mọ́tò lọ fún ṣáàjì. Ní Túsìdeè, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó, mo gbé ìwé lé orí itan. Bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́:

"Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje, Àyọ̀ká pe ọkọ rẹ̀ ní ahun. Kò mú ẹlẹ́rìí wá. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a rí itan adìẹ kan nínú kóòtù. Ọkọ ní òun kò mọ bó ṣe débẹ̀. Èyí kò ṣeé gbàgbọ́."

Ìkarahun mẹ́tàdínlógún ni Sátidé kejì. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀nà jíjìn, mo rò pé ẹnì kan ló ṣubú sómi. Pátákó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Mo sọ fún Sewanu pé n kò kọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ. Ó fi ìborùn nu ojú.

Fún Sátidé kẹta, mo ronú nípa ohun tó lè wúlò. Mo kọ àkókò ọkọ̀ sí òkè pátákó, mo fi ṣéènì so pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá láti Aradagun. Wọ́n fún táyà ní atẹ́gùn, wọ́n kí mi, wọ́n sì lọ.

"Mélòó?" mo bi Sewanu.

"Méjìlélógún."

"Ó lé ní ogójì èèyàn tó wá síbí lónìí!"

"Táyà ni wọ́n wá fún ní atẹ́gùn. Pọ́ǹpù kì í ṣe ìwé, Dàágbó."

Mákánjú tó ń wa ọkọ̀ Topo wà nítòsí. Ó ti dàgbà jù mí lọ díẹ̀. "Èmi gan-an fẹ́ kà á," ó ní. "Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín kéré bí ẹyin iná orí."

"Ìwé ti gbówó lórí. Mo gbọ́dọ̀ ṣún un lò."

"Ti Ìyá Démiládé náà kéré. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bọ́ awò ojú wọn fún wa. Tí mo bá kà á tán, màá fún Zinsu, Zinsu á fún ẹni tó bá kàn. Wọ́n á dúró síbí, wọn ò ní ríran títí a ó fi parí."

N kò mọ èyí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ Sátidé, tí mo sì ń bá a wí pé oúnjẹ ti tutù.

Awò náà wà nínú dúrọ́ọ̀, nínú gèlè tó fi wé e. N kò tíì tú gèlè náà láti ìgbà tó ti kú. Mo tú u. Ní àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn, mo fi okùn ìpẹja so awò náà mọ́ pátákó, kó gùn tó kó lè dé ojú ẹni kúkúrú àti ẹni gíga.

Mo ní ìṣòro kan. Bátìrì kú lálẹ́ Túsìdeè, níbi tí Àyọ̀ká ti gbé kẹ́tùrù omi gbígbóná dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí Dòsùmú sì ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. N kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e, n kò sì lè purọ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Níbí ni bátìrì kú sí."

Nítorí pé awò kan ṣoṣo ló wà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè kà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kù tò. Nígbà tí ìlà gùn tó èèyàn méje, ọkọ̀ kan dé láti Àgbádárìgì. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ rí ìlà, wọ́n sáré bọ́ sílẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn. Ọ̀kan ti yọ abọ́ jáde nínú àpò.

"Kí ni wọ́n ń tà?" èkejì bi í.

"N ò mọ̀. Tò ná!"

"Mílíìkì ni," ẹnì kan sọ níwájú, láìwẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì dé ọjà kí n tó lè là á yé wọn. Láàárín wákàtí kan, ìlà náà ti kọjá ibi tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹni tó bá dé iwájú á gbé abọ́ rẹ̀ sókè, á wá mílíìkì, á rí awò. Àwọn kan bú mi. Ọ̀pọ̀ wọn wò ó pé àwọn ti tò, kò yẹ kí àwọn lọ lófo. Wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n kà. Ìkarahun ń dún nínú igbá. Ní aago mẹ́rin, ó ti di mẹ́tàdínlógójì. Àwọn tó ṣì wà lórí ìlà sì ju ogún lọ.

Ìgbà yẹn ni sójà dé. Ó ga, kòbókò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlà tún tọ́ sí i.

"Kí ni wọ́n ń pín níbí?"

Ó rìn lọ síwájú pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó gbé awò ìyàwó mi wọ̀, ó sì ń kà. Ètè rẹ̀ ń mì. Lójijì ó yíjú padà.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo jáde. "Èmi ni, ọ̀gá."

"Bàbá, bátìrì kú? Ibi tó dùn jù ni bátìrì kú sí!" Ó ju kòbókò sí abẹ́ apá. "Jẹnẹrétọ̀ wà ní bárékè. Mo wò ó dé òpin. Kì í ṣe Dòsùmú ló ṣílẹ̀kùn o! Bàbá onílé ni! Àyọ̀ká da omi náà sí i lẹ́sẹ̀, bàbá onílé fò, ó di Dòsùmú mú, kóòtù ya, odidi ẹja gbígbẹ mẹ́rin já bọ́!"

Ó fi ara ṣe gbogbo rẹ̀. Ó fò bíi bàbá onílé. Ìlà tú ká, wọ́n ń di ara wọn mú fún ẹ̀rín. Sójà náà dá awò padà, ó kí mi, ó sì lọ. Àwọn èèyàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kà?

"Ẹnu sójà ni wọ́n ti gbọ́ ọ," Zinsu sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Má ju ìkarahun kankan."

"Ṣé ìwọ lo ni ọwọ́ mi?" Sewanu ní. Ṣùgbọ́n kò jù ú.

Mùsílíù ti gbé igi ìsọ̀ rẹ̀ dé. Ó fẹ̀yìn tì í, ó ń wo oòrùn.

Mo mú bírò jáde. Ní ìdúró, mo kọ ohun tí sójà sọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo sì fi ìdájọ́ kún un: "Lẹ́yìn àyẹ̀wò, a rí i pé Àyọ̀ká jẹ̀bi. Ẹni tó bá gbé omi gbígbóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Dòsùmú kò jẹ̀bi, nítorí pé òun ló ra ẹja náà." Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ dòní.

Obìnrin kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi. "Kí lẹ kọ? Jẹ̀bi kẹ̀?" Ó já awò gbà. "Ẹ wá wo ohun tí bàbá yìí kọ! Wọ́n ní Àyọ̀ká jẹ̀bi!"

"Àyọ̀ká wo ló jẹ̀bi?"

"Gbé awò wá!"

Wọ́n padà wá, ọkọ̀ sì dúró de wọn. Wọ́n ń kà á láti lè bá mi jà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbè mí, àwọn obìnrin sì lé e dé etí omi. Sewanu ń ju ìkarahun, ó ń kà á sókè ní èdè Ègùn. Nígbà tí oòrùn kan omi, ó dáwọ́ dúró.

"Mọ́kàndínláàádọ́ta," ó ní.

Èbúté ti ṣófo, ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Zinsu kò wo ojú mi. Ó rìn lọ bá pátákó, ó sì gbé awò wọ̀. "Jẹ́ kí n wo ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí." Ó sún mọ́ ọn. Ó kà á láti òkè, ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì ka nǹkan láti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó dé ibi ìdájọ́, ó pariwo: "Irọ́ ni! Ẹja mẹ́rin, nínú kóòtù, ẹ ní kò jẹ̀bi?"

Ìkarahun kan dún nínú igbá.

"Kí lo jù ú fún?" Zinsu bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi kì í ṣe òǹkàwé. Alága ni mí!"

"O kà á àbí o ò kà á?"

Zinsu bọ́ awò kúrò lójú. Mùsílíù gbé igi rẹ̀. "Bàbá," ó bi mí, "ṣé mo lè ri í mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó? Èrò pọ̀ níbẹ̀."

Mo ní kó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tó máa tò. Mo tú awò kúrò lára okùn. Ó ń rùn bí ẹja yíyan, àpá ìka ọwọ́ àádọ́ta èèyàn sì wà lójú rẹ̀. N kò nù ún. Mo fi gèlè wé e, mo sì gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì bátìrì lọ, kí wọ́n tó tì.