Sààrì Nafisah

"Ìyá Nafisah, kí ni ọmọ yìí jẹ láàárọ̀ yìí?"

Raliat gbójú sókè. Dókítà Tẹjúmádé mú èsì àyẹ̀wò dání, kò sì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe.

"Kò jẹ nǹkan kan, Dókítà. Láti alẹ́ àná ni mo ti ní kó má fẹnu kan oúnjẹ, bí ẹ ṣe sọ."

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Mo ti sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ tó ń mú un ga yìí lè gbé ṣúgà sókè. Bó bá lè ga tó báyìí láìjẹun, a ní láti dá abẹ́rẹ́ náà dúró."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Nafisah, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ọmọ ọdún méje. Ara rẹ̀ kì í pèsè èròjà tó ń mú ọmọ ga bó ṣe yẹ. Ní ilé-ìwé wọn n'Ìwàrò-Ọ̀kà, ẹni tó kúrú jù ló máa ń dúró síwájú lórí ìlà àárọ̀, Nafisah ló sì ni iwájú kíláàsì wọn. "Ìyá Kúkúrú" ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí Raliat ti ń gún un lábẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti sá kúrò lórúnkún, ọ̀rá ikùn rẹ̀ sì ti ń yọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà fa Mujeeb, ọmọ kíláàsì wọn kan, wá síwájú rẹ̀ lórí ìlà. Nafisah sáré wọlé láìbọ́ bàtà: "Mọ́mì, mo rí orí ẹlòmíràn níwájú mi lónìí!"

Ṣé ibẹ̀ náà ló máa parí sí?

Nafisah nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. "Dókítà, mo jẹ sààrì."

"Sààrì kẹ̀?" Raliat yíjú sí i. "Ṣé oṣù ààwẹ̀ la wà ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Àsàmáù, tó bá wọn wá sí ilé ìwòsàn n'Ìkàrẹ́, tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo fún un. O ní kí ọmọ má jẹun. Ta ló ń gbààwẹ̀ láìjẹ sààrì? Nígbà tí ò ń kírun àsùbáà ni mo po ògì fún un. Mo fi oyin sí i, mo sì fún un ní èso dàbínù díẹ̀."

"Màmá! Ògì, oyin, dàbínù!"

"Ṣé kí òòyì wá kọ́ ọmọ mi lórí ọ̀kadà ni?"

"Mo sọ fún wọn pé ẹ ní kí n má jẹun," ni Nafisah wí. "Wọ́n ní sààrì kò sí lára oúnjẹ, àti pé àwọn ló bí Dádì."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, sààrì yín ni mo yẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ. Ẹ padà wá lọ́la. Omi nìkan o! Ẹ má sì gún un lábẹ́rẹ́ títí a ó fi rí èsì."

Nígbà tí Raliat kírun tán lọ́jọ́ kejì, ó bá Màmá lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Kò sẹ́ni tó máa fún Nafisah lóúnjẹ lónìí. Bàbá rẹ̀ gan-an ò ní gba ibí kọjá," ni Màmá wí.

Ní Ìkàrẹ́, Dókítà wo èsì tuntun náà. "Ó fi díẹ̀ ga ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò léwu. Ẹ dín nǹkan dídùn kù, kó máa sáré ṣeré dáadáa, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta. Ẹ máa bá abẹ́rẹ́ lọ."

Nírọ̀lẹ́, Raliat mú abẹ́rẹ́ jáde nínú kúlà yìnyín. Màmá dìde kó máa lọ síta, nítorí kì í lè wò ó.

"Màmá, ẹ jókòó," ni Nafisah wí. "Mọ́mì, ẹ fún mi. Mo ti ń wò yín tipẹ́."

Raliat wo ìwọ̀n oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó gbé e fún un.

Nafisah nu itan rẹ̀, ó fún ẹran ibẹ̀ jọ, ó sì gún un. Màmá kò dijú.

"Raliat," ni Màmá wí nígbà tó yá, "fọ ìborùn mi funfun yẹn fún mi. Mo máa bá a dé ilé-ìwé lọ́la. Mo fẹ́ fojú ara mi rí Mujeeb yẹn níwájú ọmọ mi."