Igi Tó Gbé Ilé Dúró

"Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀bẹ yẹn wọlé tán o," ni Aafke wí láti òkè kòtò.

"Ó wọlé tán," ni Gerlof dáhùn. Ó lóṣòó sínú kòtò tó gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fa ọ̀bẹ rẹ̀ yọ lára òpó igi tó gbé ilé náà dúró. "Bí ẹni gún búrẹ́dì ni. Wá wò ó."

Aafke ò fẹ́ wò ó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, òun àti Jorinde ọmọ rẹ̀ ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọdún mẹ́ta ló ti ń dá owó lé ilé ní Zaandam, ìlú wa tí omi yí ká ní Netherlands, tí àwọn tó lówó jù ú lọ ń gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà fún un, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà. Òní ló pé mẹ́ta.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin yúrò fún apá tìrẹ. Èló lo yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fún kíṣìnnì àti òrùlé."

Gerlof rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń yẹ ilé wò fún àwọn tó fẹ́ rà á. "Ohun tójú rí nìkan lẹ máa ń kà, gbogbo yín."

"Ẹ fi ìwàásù sílẹ̀, Ọ̀gá Gerlof. Kí ló ba igi jẹ́?"

"Igi tó bá wà nínú omi kì í jẹrà. Afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Wo kòtò yìí, ó gbẹ! Ní Zaandam! Ẹnìkan ń fa omi ilẹ̀ yìí." Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ilé kejì tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ìpìlẹ̀ kan ni ilé méjèèjì jọ dúró lé. Kò sí kọ̀ǹgílá tó máa tún ìdajì ṣe. Tí ìyá arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i, gbàgbé ẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti lé ẹni mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà."

Aafke lọ tẹ aago ẹnu ọ̀nà náà.

Màmá Sijtske ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó yọ ojú. "Tó bá jẹ́ torí ìpìlẹ̀ ni, mi ò ṣe. Ilé yìí á gbé mi dé ibi tí mò ń lọ."

"Ẹ káàsán ẹ̀yin náà, Màmá."

Ìyá náà wò ó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹnu ẹ mú. Wọlé, kọfí wà."

Ó bu kọfí fún un, ó fún un ní bisikíìtì kan ṣoṣo, ó sì dé agolo padà, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe níhìn-ín. Bí Aafke ti ń mu kọfí, ó gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ilẹ̀.

"Kí ló ń kùn yẹn, Màmá?"

Ìyá náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀rọ Douwe ni. Ọkọ mi. Omi máa ń wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ wa, ó wá ra ẹ̀rọ tó ń fà á. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fa omi. Á pe àwọn èèyàn wá wò ó, 'Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí, ó gbẹ táútáú!' Lẹ́yìn tó kú ni wọ́n tó sọ fún mi ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fún igi. Ojú tì mí. Ṣé kí n máa sọ fáráyé pé ọkọ mi ló ba ilé méjì jẹ́? Mo kúkú tilẹ̀kùn mi."

"Ẹ ò sì pa á?"

"Tí mo bá jí láàárọ̀, tí mo gbọ́ ọ, ó máa ń dà bíi pé ó wà nísàlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́."

Inú bí Aafke gidigidi. Àádọ́rin ẹgbẹ̀rún, torí kí bàbá kan lè máa fi ilẹ̀ gbígbẹ ṣe fáàrí! Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wo ìyá náà tó tẹjú mọ́ ife, àánú ṣe é, ó gbé ọ̀rọ̀ náà jẹ.

"Mi ò ní sọ ẹni tó fa omi fún ẹnikẹ́ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ kú lónìí. Ká bẹ̀rẹ̀ láti apá tèmi. Mo ti gbàgbé kíṣìnnì, sítóòfù olójú méjì ti tó wa. Tó bá wá kan tiyín, tí wọ́n bá hú ilẹ̀ ilé yín, ẹ ó wá máa gbé lọ́dọ̀ èmi àti Jorinde."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́jọ. Ariwo ẹ̀ pọ̀ o, mo ti sọ ọ́."

Ìyá náà dìde, ó di apá Aafke mú, wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ó tó, Douwe," ó wí, ó sì yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Nígbà tí wọ́n gòkè padà, ó ní kí Aafke mú bírò wá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun á san ti apá òun nínú owó tí Douwe fi sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Aafke pe ejẹ́ǹtì tó ń bá wọn ta ilé náà. "Mo fi àwòrán igi ránṣẹ́ sí yín. Kí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta kúrò nínú owó ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo yí ọkàn padà lónìí." Lẹ́yìn wákàtí kan, ejẹ́ǹtì pè padà, ó ní ẹni tó nilé gbà láti yọ ogójì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló ṣì kù tí Aafke máa wá, òrùlé ò sì sí nínú ẹ̀.

"Mo gbà," ni Aafke wí.

Màmá Sijtske ò béèrè iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Ohun tó béèrè ni aago mélòó ni Jorinde máa ń jí láàárọ̀.