Ìkíni Ló Ń Mu Epo

Bí Ọlọ́run bá dá ẹnì kan sáyé láti máa béèrè ọ̀rọ̀, Christiana Fámúrewá ni. Bó bá se ẹ̀wà, á fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí ti òní tètè rọ̀ ju ti àná lọ. Bí òjò bá rọ̀ ní Adó tí kò rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, á bọ́ síta, á fọwọ́ lérán, á máa wo sánmà bí ẹni pé sánmà jẹ ẹ́ ní àlàyé. Lóòótọ́, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló kọ́ ọ ní èyí. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Bánjọ ọkọ rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan ní tirẹ̀. Ohun tó bá ti mọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àkúrẹ́ ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n fi kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Adó, níbi tí ọ́fíìsì wà tí àga kò sí. Ṣùgbọ́n Bánjọ ní Píjò. Píjò náà sì ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní éèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo éèsì láyé ìgbà náà o! Ẹni tó bá yí gíláàsì ọkọ̀ sókè nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó la àárín ìlú kọjá láìlàágùn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé onítọ̀hún ti dé ibi tí wọ́n ń dé. Bánjọ wá ṣe òfin: bí a bá wà nínú igbó, ẹ pa éèsì, ẹ ṣí gíláàsì, kí epo má baà tán. Bí a bá ti ń wọ ìlú, ẹ yí gíláàsì sókè, ẹ tan éèsì. Ó ní béèyàn ṣe ń tọ́jú epo nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, "Àbí béèyàn ṣe ń ṣe fọ́ńté?" Bánjọ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Epo ọ̀hún sì wọ́n bí ojú lọ́dún yẹn. Ilé epo gbogbo láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ ti fi okùn dínà. Èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì, wọ́n ti fi kẹrosíìnì lú u, ẹni tó bá rọ ọ́ sọ́kọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa wúkọ́ bí arúgbó.

Àárín ọ̀wọ́n epo yìí ni ọ̀rọ̀ ojú Bàbá bọ́ sí. Bàbá Akíndélé Fámúrewá, tó bí Bánjọ, àgbẹ̀ oníkòkó ni ní Emùré. Ojú rẹ̀ ti òsì ti kú tipẹ́. Kí Bánjọ tó gbé Christiana níyàwó, awọ funfun ti bo ti ọ̀tún náà. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọ ilé wọn, ohùn rẹ̀ nìkan ni bàbá ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ ọbẹ̀ rẹ̀ láàárín ọbẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò rí i rí, kò sì rí Tìmílẹ́yìn ọmọ tó bí fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún yìí fún un ní Adó, tí wọ́n fi báńdéèjì dì í, nọ́ọ̀sì pe tọkọtaya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọjọ́ Àìkú ni ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní Emùré máa ṣí i," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má jẹ́ kí eruku débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òógùn ṣàn wọ abẹ́ báńdéèjì. Kí Bàbá má sì fọwọ́ ra á, bó ti wù kó yún wọn tó. Bí ìdọ̀tí bá wọ̀ ọ́, ẹ mọ̀ pé kò sí ojú mìíràn tí a tún fẹ́ ṣiṣẹ́ sí."

Wọ́n sùn sí ilé tọkọtaya ní Ìkẹ́rẹ́. Bánjọ bẹ Bàbá pé kó dúró lọ́dọ̀ àwọn títí wọ́n á fi ṣí ojú. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Ulé mi ni mo fẹ́ lọ," ló wí. "Bí mo bá máa ríran, ulé mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Ọ̀rọ̀ wá di ìṣirò lọ́kàn Christiana. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, títì dára díẹ̀. Láti Ìsẹ̀ dé Emùré, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti hó gbogbo ọ̀dà ẹ̀, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ agbégilódò ò yé gbabẹ̀, eruku pupa sì ń sọ lálá. Bí wọ́n bá ṣí gíláàsì, eruku. Bí wọ́n bá tì í, òógùn. Bí wọ́n bá tan éèsì, epo tó kù nínú táńkì lè má gbé wọn délé, bí ọkọ̀ bá sì kú sínú oòrùn lọ́nà, eruku àti òógùn ló máa pàdé lórí ẹyinjú kan ṣoṣo tí bàbá náà ní.

"Éèsì ń mu epo, gbogbo wa la gbọ́," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo ló ń mu ún jù?"

"Ìgbà tí wọ́n bá tàn án," ni Bánjọ dáhùn.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Christiana mirí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó ní kí ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ jáde. Ó ta aṣọ funfun sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí oòrùn má baà yan án. Ó fẹ́ kí wọ́n tètè lọ kí ilẹ̀ tó gbóná, àmọ́ Bánjọ ní òun ò lè gbé bàbá òun wọ Emùré nínú ọkọ̀ eléruku, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọkọ̀. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó tún lọ wọ kóòtù. Kóòtù kẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Nígbà tí wọ́n fi máa gbéra, oòrùn ti gun orí òkè.

Christiana jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Bánjọ tan éèsì. Nígbà tí atẹ́gùn tútù fẹ́ kan Bàbá lọ́rùn, ó fò sókè díẹ̀.

"Ta ló ń fẹ́ mi lábẹ̀bẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ yín, Bàbá. Éèsì ni."

"Níbo ló ti wá ń rí òtútù nínú irú ooru yìí?"

Inú Christiana dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ́ baba náà. Ṣé ẹlòmíràn tún wà nínú ìdílé yìí tó ń béèrè ọ̀rọ̀! Ó ṣàlàyé pé éèsì kì í mú òtútù wá láti ibì kankan. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó, tó ń gbé e lọ dà síwájú ọkọ̀, kí atẹ́gùn gbé e lọ.

Bàbá ronú sí i. "Bí kò bá wá sí atẹ́gùn ńkọ́?"

Christiana kò rò ó débẹ̀ rí. "N kò tíì mọ̀, Bàbá," ló wí.

Wọn ò tíì kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ fi dúró. Olùkọ́ àgbà kan ló rí Píjò, ó nawọ́. Ẹ sì mọ̀ wá, ọmọ Èkìtì kì í rí àgbà kó kọjá. Bánjọ dúró, kò pa ẹ́ńjìnnì, kí éèsì má baà kú. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ewu o! Ojú ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Wọ́n kíra tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níwájú díẹ̀, ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ̀, ọ̀rọ̀ di rẹpẹtẹ, nítorí Bàbá fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ohùn tó mọ̀ kó panu mọ́. "Ohùn ta ni mo gbọ́ yẹn? Bánjọ, dúró!" Wọ́n á dúró. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó wá kíni á ki orí wọlé, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkọ̀ á máa hó.

Christiana ò bá wọn dá sí i. Ó na ọwọ́ síwájú, sí ojú ihò tí atẹ́gùn éèsì ń gbà jáde. Nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, atẹ́gùn náà tutù bí omi àmù. Ọkọ̀ dúró, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkọ̀ pẹ́ ní ìdúró, ó gbóná. Ó bojú wo abẹ́rẹ́ tó ń fi epo hàn. Ó ti ń wò ó láti Ìkẹ́rẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n fi sáré, abẹ́rẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ibi tí wọ́n ti ń kíni nínú Ìsẹ̀ ló ti ń já bọ́.

"Áà!" ló wí. Kò sẹ́ni tó bi í ní kí ló dé.

Wọ́n jáde ní Ìsẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀nà tí wọ́n hó. Abẹ́rẹ́ ti wọ ibi pupa. Bí wọ́n ṣe rìn díẹ̀, Bàbá Akínwándé, àgbà ìjọ wọn ní Emùré, ló ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Bánjọ tún dúró, ẹ́ńjìnnì ń hó. Bàbá Akínwándé bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú, ó kí i dé orí kòkó. Ooru ló wá ń tú jáde lẹ́nu éèsì báyìí. Òógùn yọ níwájú orí Bàbá, ó pọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Ó wọ abẹ́ báńdéèjì. Bàbá mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti ra ojú.

Christiana fò mọ́ ọwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyàwó ilé! Ó di ọwọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ mú bí ẹní di olè mú, lójú àgbà ìjọ! Ẹnu Bàbá Akínwándé ò lè padé.

"Fi mí sílẹ̀," ni Bàbá wí.

"Ẹ má bínú, sà. N kò ní fi yín sílẹ̀." Ó fi aṣọ ìnujú mímọ́ gba òógùn náà níwájú orí rẹ̀. Ó kígbe sí ọkọ rẹ̀, "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ wa ọkọ̀ yìí lọ!"

Bánjọ kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wa ọkọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe dé abẹ́ àwọn igi kòkó kan tó ṣíji bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Christiana ní kó yà síbẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí igbó, ó fi èyí tó kọjú sí ọ̀nà sílẹ̀ ní pípadé, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Bàbá.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Bàbá, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyí. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, atẹ́gùn ń gba ooru lọ́wọ́ éèsì. Bó bá dúró, ooru náà ò rí ibi lọ, ó ń padà tọ̀ wá wá, epo sì ń jó lórí asán. Ìrìn kọ́ ló ń jẹ wá lépo. Ìkíni ló ń mu epo."

"Kí n wá máa wa ọkọ̀ kọjá lára àgbà?" ni Bánjọ wí. Inú ti ń bí i. "Ní Emùré? Kí wọ́n ní ọkọ̀ ti gun ọmọ Akíndélé?"

"Bí a bá pa á ká tó kí wọn, oòrùn á sè wá. Bí a bá ṣí gíláàsì, eruku. Ẹ sọ èyí tí ojú yìí lè gbà nínú ẹ̀."

Agbégilódò kan kọjá, eruku rẹ̀ bo títì mọ́lẹ̀.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. "Èmi gan-an ni wọ́n máa bú. Wọ́n á ní Akíndélé lajú tán, kò wá rí èèyàn mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó hàn lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi. Bí mo bá rí ojú, màá fi wá wọn lọ, màá bẹ̀ wọ́n. Wa ọkọ̀ rẹ."

Wọ́n gbéra. Bánjọ rọra ń lọ, éèsì ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì dúró mọ́. Nígbà tí wọ́n wọ Emùré, àwọn èèyàn ń dìde lẹ́nu ọ̀nà. "Akíndélé o! Ẹ kú àbọ̀! Ojú ńkọ́?" Bánjọ tẹjú mọ́ títì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú éèsì. Bàbá mọ gbogbo ohùn tó ń pè é, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò dáhùn ọ̀kan. Ọwọ́ Christiana tó fẹ́ kó fi òun sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló wá dì mú báyìí. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò wọn, ó sì kú lójúde ilé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba gun ọ̀kadà padà sí Ìkẹ́rẹ́ tòun ti kóòtù rẹ̀, eruku sọ ọ́ di pupa láti orí dé ẹsẹ̀.

Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ẹjọ́ ti délé. Wọ́n ní Bánjọ ò kíni. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń bá bàbá ọkọ jà lójú títì. Christiana gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òógùn tó wọ abẹ́ báńdéèjì nìkan ló ń rò. Bí ojú yìí bá bàjẹ́, ta ni wọn ò ní sọ pé òun ló fi ọgbọ́n ìwé bà á jẹ́?

Nígbà tí nọ́ọ̀sì Emùré dé lọ́jọ́ náà, Bánjọ ti padà wá, yàrá kún, Bàbá Akínwándé náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro. Wọ́n fa aṣọ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà le jù. Nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì. Bàbá ṣẹ́jú, omi bọ́ lójú náà. Ó ṣẹ́jú títí.

"Christiana dà?" ló wí.

Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Èmi nìyí, sà."

"Dìde kí n rí ọ."

Ó dìde. Bàbá kọjú sí i, ó ń wo òkè orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí kò sí èèyàn. "Mo ní kó o dìde."

"Mo ti dìde, Bàbá."

Bánjọ fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Bàbá rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi bá ojú Christiana pàdé, ó sì dúró síbẹ̀.

"Háà," ni Bàbá wí. "Ìwọ kúkúrú báyìí? Pẹ̀lú ohùn yẹn? Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé o ga ni."