Ẹ́ńjìnnì Akínlẹ́yẹ

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Wonder ló sọ bẹ́ẹ̀ sí Sabina létí lórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ti ṣàlàyé fún un pé bí adájọ́ bá gbọ́ pé ilé Sabina ni Wonder dàgbà sí, ọ̀dàlẹ̀ ni yóò kà á sí, ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yóò sì lé sí i.

Apá Sabina ń ro ó, èyí tó kán lọ́jọ́ tí Wonder tì í ṣubú tó sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi olóògbé ọkọ rẹ̀ sá lọ. Ọlọ́pàá ti gba ẹ́ńjìnnì náà padà, ṣùgbọ́n Sabina kò fẹ́ fojú rí i mọ́. Ọkùnrin kan láti àdúgbò Fọlá Àgòrò ń bọ̀ wá rà á nírọ̀lẹ́.

Wonder, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Adájọ́ Mákánjúọlá, obìnrin tí kì í pariwo, ń wo ọ̀rọ̀ náà síwá-sẹ́yìn. Ọmọ náà jẹ́wọ́, kò ṣẹ̀wọ̀n rí, ẹrù sì ti padà. Síbẹ̀, ó ṣe àgbàlagbà léṣe, òfin sì fàyè gba ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. Ó yíjú sí Sabina.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí tẹ́lẹ̀?"

Sabina rántí etí omi Bàrígà nígbà tí ayé ṣì dùn. Akínlẹ́yẹ, ọkọ rẹ̀, á gbé Wonder jókòó sídìí ọkọ̀, á ní kó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti dún, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Tí mo bá darúgbó, ìwọ lo máa wa ọkọ̀ mi," ni Akínlẹ́yẹ máa ń sọ. Lálẹ́, wọ́n á jọ jẹ púpurú nínú abọ́ kan ṣoṣo. Àárò ìgbà yẹn sọ ọ́ débi pé omi lé sí i lójú. Tóun náà bá wá sẹ́ ẹ, ta ló kù tó máa rántí?

"Mo mọ̀ ọ́n, Olúwa mi. Ọkọ mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì yẹn."

Ìyá Wonder fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ fọkàn tán an nìyẹn," ni adájọ́ wí. "Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí títí dòní, n ò sì lè gbé agbọ̀n ẹja mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jáde, ilé mi náà ló mọ̀."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ tí Wonder hù ì bá fi kún ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ní ibi tó lè padà sí ṣì lè yí padà. Ó dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un.

Ìyá Wonder dìde, kò wo ojú Sabina. Èyí dun Sabina ju apá rẹ̀ lọ.

Níta, ó yọ fóònù, ó pe ọkùnrin Fọlá Àgòrò.

"Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì náà ti ní ẹni tó máa lò ó."