Aṣọ Orí Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà mẹ́ta ni Muhayyo tẹ̀, ìlà mẹ́ta sì parẹ́ lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúkọ ìwé mẹ́ta ti lọ nínú àkójọ ilé-ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ kọ kò ju orúkọ ìwé kan nípa oyin lọ. Ojú dúdú, ọ̀rọ̀ funfun. Kò sí àwòrán, kò sí ibi tí wọ́n kọ "jáde" sí.

Aago méjìlá ti kọjá. Ní aago mẹ́ta, Ọ̀gá Ergashev tó ń darí ilé-ìkàwé yóò wá wo òun àti Dilnavoz, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: kí kálukú ṣí ètò náà, kí ó kọ ìwé kan sínú rẹ̀, kí ó sì pa á dé. Inú àwọn méjèèjì ni olórí àkójọ ìwé yóò ti jáde. Ọdún méjìlélógún ni Muhayyo ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì ìwé ní ìlú Kokand. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Dilnavoz dé.

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń fi ìka sáré lórí bọ́tìnnì ń ta Muhayyo lára bí ata. Èyí tó burú jù ni ti aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Dilnavoz a fi aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi òwú pupa ṣe ọ̀ṣọ́ sí bo kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá a sì ní, "Ẹ wo ìtọ́jú! Ẹ wo ọmọ tó mọyì iṣẹ́!" Ta ló yin Muhayyo rí nítorí pé ó nu àpótí káàdì?

Lónìí, bí Dilnavoz ti bò ó tó sì lọ jẹun nílé, Muhayyo ṣí aṣọ náà kúrò.

Ó tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì jáde, ní èdè Rọ́ṣíà. Ó mú pẹ́ńsùlù. Bí ó ti ṣe kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Tashkent: kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, má fo ìlà. Ní ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n ni ó tó rí i. Yàrá méjì ni ètò náà ní. Nínú ọ̀kan, lẹ́tà jẹ́ lẹ́tà; nínú èkejì, lẹ́tà jẹ́ àṣẹ. Kò sì sí àmì kankan tó ń sọ yàrá tí ènìyàn wà.

"Ọ̀lẹ ló ṣe é," ni ó wí.

Ó dá ìlà mẹ́ta náà padà. Ó kọ bí a ti ń jáde àti bí a ti ń ṣí i sẹ́yìn káàdì àtijọ́ kan. Ìgbà náà ni ó rí ìlà kékeré nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: *A ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún.* Ọjọ́ kẹtàdínlógún nìyí. Ọjọ́ kẹrin ni iná lọ, tí Dilnavoz ní ẹ̀rọ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, tó sì ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó gbé e wá; ọkùnrin náà ló bá a ṣí i. Láti ọjọ́ náà kò pa á dé rí. Kò mọ̀ ọ́n pa, kò mọ̀ ọ́n ṣí; aṣọ ló fi ń bo ojú rẹ̀ tó ń tàn. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá.

Muhayyo rẹ́rìn-ín. Ó pa ètò náà dé, ó tẹ́ aṣọ náà padà, ó sì jókòó dè é.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Dilnavoz wọlé. Ó gbé aṣọ sókè. Ojú dúdú lásán. Àmì kan ṣoṣo ń ṣẹ́jú.

"Àǹtí, ṣé iná lọ ni?"

"Iná ò lọ."

"Ta ló wá pa á?"

"Èmi ni. Àbí a kì í pa nǹkan dé lẹ́yìn iṣẹ́ níbí ni?"

Ọmọbìnrin náà jókòó gbì. "Ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀. Ìwọ tí ìka rẹ ń jó!"

"Kíkọ nìkan ni wọ́n kọ́ mi, Àǹtí. Mi ò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá mi kà á, ṣùgbọ́n tí mo bá kí yín láàárọ̀, ẹ kì í dáhùn."

Ìró bàtà Ọ̀gá ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìka Dilnavoz ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Muhayyo wò ó. Ó mọ irú gbígbọ̀n náà. Ó ti káàdì tó kọ náà sí i lọ́wọ́.

Ọmọ náà kà á lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Wákàtí méjì ni ó gba Muhayyo. Owú tún ta á láyà, gan-an bíi ti àná.

"Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe é?" ni Ọ̀gá bi wọ́n.

"Kí Dilnavoz ṣe é," ni Muhayyo wí.

Ó ká aṣọ náà, etí sí etí, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju bí ó ti rò lọ.