Ìbọn Tí Mo Tà fún Marva Tveit

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà nílùú wa, ní ìwọ̀-oòrùn South Dakota, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Tí kòyótì, ajáko pápá wa, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ àgùntàn jẹ, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń bọ̀. "Verlyn ló mọ ìbọn," ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Ìparí oṣù Kẹta ni Marva Tveit wọlé. Ọmọ Arvid, ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, ni. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò ga, kò sanra, ọwọ́ òsì ló ń lò. Dale ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní North Dakota, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà Marva nìkan ló ń tọ́jú igba àgùntàn wọn. Orrin Haugland àti Clete jókòó síwájú káńtà, wọ́n ń mu kọfí ọ̀fẹ́ bí ìṣe wọn.

Marva kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó nawọ́ sí ìbọn nọ́ńbà ogún kan tó fúyẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kò tóbi; bí nọ́ńbà ìbọn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹnu rẹ̀ ṣe ń kéré tó.

"Verlyn, ẹ bá mi gbé ìyẹn. Ajáko ti pa ọmọ àgùntàn mẹ́ta fún mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kẹ̀? Ṣé àdàbà lo fẹ́ fi pa ni?"

Orrin gbà á lẹ́nu mi. "Tó bá fi yìn ín, ajáko á rò pé eṣinṣin ló bà lé òun ni!"

Marva kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀. Tí mo bá fọn fèrè tó ń ké bí ehoro, wọ́n máa ń sún mọ́ mi tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Mi ò nílò ohun tó ń lọ jìnnà. Ohun tí apá mi lè gbé ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ká ní àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀ ni, mo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú Orrin àti Clete ń bẹ lára mi. Mo bá gbé nọ́ńbà méjìlá tó tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù wá, èyí tó ń jẹ ọta gígùn, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sí èjìká òsì. Ẹnu ìbọn náà tẹ̀ wálẹ̀.

"Ó wúwo, Verlyn."

"Á mọ́ ọ lára."

"Ẹ jẹ́ n gbé èkejì yẹn wò ná."

"Ọmọ Arvid, tí èyí bá pọ̀ jù fún ọ, lọ sílé kí o rán ọkọ rẹ wá."

Clete fọwọ́ lu itan. Ọrùn Marva pọ́n títí dé etí. Ìbọn ńlá yẹn ló rà lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rèé. Èmi náà ti lo irú ìbọn yẹn rí, ìgbà òtútù kan péré. Gbogbo ìgbà tí mo bá yìn ín, àfi bí ìgbà tí ẹṣin bá ta mí nípàá. Ó dé ibi tí mo ti ń di ojú kí n tó yìn ín. Mo tà á dànù, mo ra nọ́ńbà ogún. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lò ó. Abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ mi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ sí, èmi nìkan ni mo sì máa ń dọdẹ kí ojú má bàa tó o. Mo mọ ohun tí ìbọn ńlá yẹn máa ṣe fún Marva. Mo mọ̀, mo sì tà á fún un. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo tún ń sín in jẹ nílé kọfí: "Ó wúwo, Verlyn." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sọ́ńdè kẹta lẹ́yìn náà, a ń jẹun ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Marva wà lára àwọn tó ń bu oúnjẹ. Ó pa pọ́dà, ṣùgbọ́n pọ́dà kò bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ tó ti wú níbi tí ìdí ìbọn ti gbá a, ètè rẹ̀ sì là.

"Marva!" Orrin kígbe láti ìdí tábìlì. "Àgbá ńlá yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń mọ́ mi lára," ó ní. Kò wo ibi tí mo wà.

Mo gbé àwo mi sílẹ̀ láìjẹun tán.

Lọ́jọ́ kejì mo wa ọkọ̀ lọ sí oko rẹ̀. Inú ọgbà àgùntàn ni mo bá a, ó ń fi ìgò fún ọmọ àgùntàn kan ní wàrà. Mo tú búláńkẹ́ẹ̀tì náà síwájú rẹ̀. Ó wo ìbọn náà, ó wo ibi tí igi rẹ̀ ti dán nítorí lílò.

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́fà."

Ọmọ àgùntàn náà ń mu wàrà rẹ̀ lọ.

"Ẹ mọ̀ nígbà náà," Marva ní.

"Mo mọ̀."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ajáko kan jáde sí mi. Kí n tó yìn ín, ara mi ti gbọ̀n, mo ti di ojú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo bà. Bàbá mi kò kọ́ mi pé kí n fi ẹranko sílẹ̀ nínú ìrora, mo bá tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Mi ò rí i. Nígbà tí mo máa fi dé, ìyá eléyìí ti kú síbi tó ti ń bímọ. Ká ní mo wà nílé ni, mi ò ní jẹ́ kó kú."

Mo ní kó gba ìbọn tèmi, kó máa lò ó.

"Mi ò fẹ́ tiyín. Èyí tí mo nawọ́ sí ni mo fẹ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, nígbà tí Orrin àti Clete bá wà níjòókòó. Ẹ ó tún bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ rà. Ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn."

Láàárọ̀ Sátidé, mo fẹ́ pe ọ̀gá mi pé ara mi kò yá. Mo ti mú fóònù lọ́wọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ.

Ó dé ní aago mẹ́wàá, tòun ti ìbọn ńlá náà. Mo dìde.

"Káàárọ̀, Marva. Kí lo fẹ́ rà?"

"Nọ́ńbà ogún yẹn."

"Ọ̀rọ̀ àdàbà tún dé!" Orrin ní.

"Orrin, dákẹ́." Ohùn mi tín-ín-rín létí ara mi. "Nọ́ńbà ogún lèmi náà ń lò, láti ọdún mẹ́fà. Ìbọn ńlá yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Mo sì mọ̀ kí n tó tà á fún un."

Clete tẹjú mọ́ ilẹ̀. Orrin wò mí, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. "Verlyn! Ìwọ!" Láti ọjọ́ yẹn, kò pe orúkọ mi mọ́. "Ogún" ló ń pè mí, ìlú sì ti kọ́ ọ.

Marva kò dá sí wa. Ó gbé ìbọn náà sí èjìká, ó di ojú, ó la ojú, ó wo ibi tí ẹnu ìbọn dojú kọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bèèrè bí ọta rẹ̀ ṣe máa ń fọ́n ká tó ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, mo sì dá a lóhùn, gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo gba ìbọn ńlá padà, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ó lọ.

Nínú oṣù Karùn-ún, Dale ọkọ rẹ̀ wá ra wáyà ọgbà àgùntàn. Ó ní Marva ti pa ajáko méjì.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá a yan ìbọn náà. Ẹ ṣeun o."

Ṣọ́ọ̀bù dá, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo lè gba ọpẹ́ náà kí n sì dákẹ́.

"Rárá," mo ní. "Òun ló yàn án. Èmi ni mo fi í ṣẹlẹ́yà, tí mo ta èyí tó ṣe é léṣe fún un."

Dale gbé wáyà rẹ̀ sí èjìká. "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Kò dágbére kó tó jáde.