Ẹyin Tí Wọ́n Fi Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Dè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá yìí fún yín kó tó kúrò lórí mi. Mo wà níbi iṣẹ́, nílé ìwòsàn wa, mò ń wọn àwọn ọmọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ wọn sórí ìwọ̀n, apá ọmọ náà tín-ín-rín bí ọwọ̀, ló bá gbéra, ó ń fò lọ sókè àjà bí ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé. Mo fà á sọ̀kalẹ̀, mo fi ìborùn mi so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Inú màmá àgbà náà ń dùn. "Ẹ̀kọ nìkan ló ń mu. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu rárá."

Mo ní, "Mà, ẹ fún un ní ẹyin."

"Ẹyin kẹ̀? Kó wá di olè?"

Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, ẹyin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tóbi tó dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó ń làágùn. Gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ ń ṣépè fún un. Ó mà sú mi o! Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lójoojúmọ́, mo tún ń sọ ọ́ lójú oorun. Mo pariwo, "Ẹ tú ẹyin sílẹ̀! Ọmọ yìí ń kú lọ!"

Màmá wá rọra bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹyin kan tó kù nínú ọbẹ̀ rẹ lánàá, ta lo bù ú fún? Ṣé ọmọ rẹ ni àbí bàbá rẹ̀?"

Mo lanu láti dáhùn, ni mo bá jí. Ọkọ mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.